Ọkọ́ Tó Di Ọkọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ya fíìmù mẹ́fà ní Minna láìní ilé iṣẹ́, kó lọ bi àwọn pásítọ̀ Sabon Gari léèrè. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni mo fi ṣe kóòtù, òun ni mo fi ṣe ààfin, òun náà ni mo fi ṣe ilé ìwòsàn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo la ní, kásẹ́ẹ̀tì wa kò ju mẹ́rin lọ. Bí a bá ti kó àwòrán inú wọn sínú kọ̀ǹpútà tán, a ó tún gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ síbi ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, a ó sì ya ìyàwó lé e lórí. Bí a ṣe ń jẹun nìyẹn.

Àbúrò mi kan ló ni kọ̀ǹpútà. Mo ní àbúrò, kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wa o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wa, ọbẹ̀ ìyá mi ló sì fi dàgbà. Òun ló ń di kámẹ́rà mú, òun ló ń gé fíìmù, tó ń tò ó. Minna ni wọ́n bí i sí, Háúsá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá ń sọ Yorùbá, ohùn rẹ̀ á máa gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, a ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Fíìmù kẹfà yẹn, ti ìyá mi ni. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé. Ìyá mi kò bá wọn jà lórí ilé tàbí ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Ọkọ́ mi dà?" Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí i, òun ló rọ ọkọ́ yẹn fún un. Mo kọ ọ́ sínú eré, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti ṣe é fúnra rẹ̀. Kò mọ̀wé, ẹnu mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ya ibẹ̀, kò sunkún. Ó dúró níwájú àwọn ẹbí ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó béèrè ọkọ́ rẹ̀ bí ẹni ń béèrè omi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá mi kú. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ín, àbúrò mi wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Haba, gbogbo ẹ̀ ti lọ! Mo gbé e lọ bá àwọn ọmọ yunifásítì ní Gidan Kwano, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i."

Mo sunkún, òun náà sunkún. Èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí mo bá rántí ìyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ó lé ní ọdún kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Shango láti ra bátìrì. Àwọn ọkùnrin kan jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wòkè, ojú ìyá mi ni mo rí. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn ọmọdébìnrin kan ló ń jáde, ní Háúsá: "Ina mijina?" Ọkọ mi dà? Bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tí wọ́n sin ọkọ náà tán ni.

"Kai, tsohuwa, yana kabari!" Ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ fún ìyá arúgbó pé inú sàréè lọkọ rẹ̀ wà. Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ ẹni tó ṣe é fún mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi bá wa tẹ ìwé eré náà kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀; "oko mi da" lásán ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá wù ú lè pè é ní mọ́tò. Ẹ̀dà méjì péré la tẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya fíìmù yẹn, ó gé e, ó tò ó, kò sì mọ ohun tí ìyá mi ń wá.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Kò tilẹ̀ jiyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ wo Yorùbá níbí? Àwọn ọmọ yín gan-an, ṣé kì í ṣe Háúsá ni wọ́n ń sọ?"

Ìyẹn dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo bú u tán, ó rẹ̀ mí. Mo ní kó máa mú fíìmù náà lọ, kó fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe fi í síbẹ̀ yẹn. Ohùn ìyá mi nìkan ni kó fún mi.

Ó wolẹ̀. "Mo ti pa á rẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àyè kò tó nínú kọ̀ǹpútà ni."

Fíìmù náà wà nílé mi báyìí. Ẹnì kan ló fún àwọn ọmọ. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ìyá mi kú; ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ó máa ń jókòó wò ó, á máa sín ohùn ọmọdébìnrin yẹn jẹ, á wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé bí Màmá Àgbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni.