Iná Dé, Ó Ba Ayé Mi Jẹ́

Ní gbogbo Surulere lónìí, èmi nìkan ni mo sunkún nígbà tí iná dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo ti ń wá àwọn tó ń fi dí-dá-dí, ìró kúkúrú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà, bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní ìsàlẹ̀ pátápátá lójú rédíò, níbi tí ilé iṣẹ́ rédíò kankan kì í dé. Mo ta wáyà láti fèrèsé wa dé ìdí tánkì omi, kí rédíò mi lè gbọ́ ọ̀nà jíjìn. Ariwo tó dà bí ẹja dídín nìkan ni mò ń gbọ́, nítorí ṣájà àti gílóòbù gbogbo ilé wa ń da rédíò láàmú.

Nírọ̀lẹ́ yìí, iná lọ. Kẹ́ẹ́! Kí ẹnikẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ ọ nínú rédíò oníbátìrì mi: dá-dí-dá-dí. Èèyàn gidi! Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ onílẹ́tà márùn-ún tó ń pe ara rẹ̀. Ó ku méjì.

Iná bá dé. Gbogbo ilé figbe ayọ̀ ta. Ni ẹja dídín bá tún bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò mi.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Bísí, ará yàrá kejì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa suíìṣì ńlá, ìṣẹ́jú méjì péré!"

"Kí n pa iná? Pẹ̀lú bí mo ṣe ń lọ aṣọ lọ́wọ́? Ọmọ yìí, ta ló rán ẹ sí wa?"

Màmá mi tún pariwo láti inú ilé: "Abájọ! Òun ló ń gbàdúrà kí iná máa lọ!"

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbàdúrà. Ṣé ìṣẹ́jú méjì ti pọ̀ jù ni?

Ẹ dá wa lẹ́jọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ sọ lẹ́tà méjì tó kù fún mi!