Láptọ́ọ̀pù Tí Roheemat Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Àúdù Bàrúwà ti ń wa ọkọ̀ láti Ìlaròó lọ sí Kútọnu kí wọ́n tó bí Roheemat ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, iṣẹ́ dá dúró. Ojoojúmọ́ ló ń nu mọ́tò rẹ̀, kò sì níbi tó ń gbé e lọ. Bó bá nù ún tán, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa wo títì. Bí Mẹ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀, "hùn" ni yóò fi dáhùn.

Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ni Roheemat wà nígbà náà. Ó fẹ́ràn géèmù orí kọ̀ǹpútà bí ojú, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá láptọ́ọ̀pù tó lágbára láti gbé e. Kútọnu ni àlòkù tó dára ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù nígboro ti wọ́n bí ojú. Owó irun tó ń dì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ká a.

Lọ́jọ́ kan, Fadékẹ́mi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wá dirun, ó ń ráhùn pé àbúrò òun jókòó lé láptọ́ọ̀pù òun. Ojú ẹ̀rọ náà fọ́ yángá, bó bá sì tàn díẹ̀, yóò gbóná, yóò kú. Roheemat mọ láptọ́ọ̀pù náà. Géèmù ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

"Ṣé o máa tà á?"

"Kí lo fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe? Máa bá mi dirun títí a ó fi jáde níléèwé, kí n gbé e fún ọ."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ó gbé e tọ Ìbítóyè lọ, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí iléèwé. Ìyẹn ní ojú tuntun kò sí, àfi bí ẹnubodè bá ṣí.

"Àmọ́ bó o bá ní tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ nílé, ojú wo lo tún ń wá?"

Wọ́n jọ tú u. Eruku inú fáànù rẹ̀ ti dì bí òwú. Roheemat fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, Ìbítóyè sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà tuntun pa ọpọlọ ẹ̀rọ kí ooru lè máa jáde. Roheemat yọ mẹ́mórì inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ tí kò lè gbé géèmù, ó fi kún un.

Nílé, ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ó fi pákó gbé ìdí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó tún tú u, ó rí i pé mẹ́mórì ni kò wọlé dáadáa. Ó tì í, ó dún "kẹ́". Ó tún ẹ̀rọ náà tẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Géèmù?" ni Bàbá wí. "Nírú àkókò yìí?"

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Bàbá Roheemat," ni Mẹ̀dínátù wí. "Kò kúkú béèrè owó lọ́wọ́ yín."

Ọ̀sán Sátidé kan, Roheemat ń ṣe géèmù tí wọ́n ti ń wa tírélà. Bàbá wọlé wá mu omi, ó dúró.

"Jíà wo lo fi ń gun òkè yẹn? Ṣé o fẹ́ pa ẹ́ńjìnì ni?"

"Ẹ wá wà á, Bàbá."

Ó ní òun kì í ṣọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí tírélà ọmọ rẹ̀ kọlu ògiri, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Dìde ńbẹ̀!"

Ọwọ́ tó mọ sítíárìn kò mọ bọ́tìnì. Tírélà Bàbá fò kúrò lórí títì, ó wọ oko olóko, ó dojú dé. Bàbá wo Roheemat, Roheemat wo Bàbá. Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín, tí Mẹ̀dínátù fi sáré jáde láti kíṣìnì tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá bá a ṣe géèmù náà nílé. Ọ̀kan nínú wọn, Ọdẹkúnlé, ń kó gàrí láti Ìmàṣàyí lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ti pe Àúdù sí iṣẹ́ náà rí, Àúdù sì ti ní awakọ̀ Kútọnu kì í kó gàrí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń dúró kó kàn wọ́n nídìí géèmù, Ọdẹkúnlé tún pè é.

"Aago mélòó lẹ ń gbéra?" ni Àúdù béèrè, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Mọ́tò jáde lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sán, Roheemat nìkan ló ni pálọ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù bó ṣe wù ú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Bàbá á wọlé, gbogbo aṣọ rẹ̀ á máa rùn fún gàrí, á fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

"Sún fún mi díẹ̀."