Àtẹ́wọ́ Méjì ní Sàńtásì

Tí ẹ bá dé ọjà Kejétíà ní Kùmáṣì tí ẹ ń wá okùn rà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ kàn wá ọkùnrin gíga kan tó ń bá okùn jà. Bákàrè nìyẹn. Bí oníbàárà bá yan okùn tán, á so ó mọ́ òpó ìsọ̀ rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á wá fi gbogbo ara fà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ wó ọjà náà lulẹ̀. "Ó gbà mí," ni yóò wí, "á gba ewúrẹ́ ẹ." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ohun kan ni wọn kì í kíyè sí: ẹsẹ̀ Bákàrè kì í kúrò nílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án báyìí tí kò ti kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo fà á.

Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́.

Kùmáṣì ni wọ́n bí i sí, ọmọ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílùú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Òun àti bàbá rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kún fún Twi, èdè àwọn Àṣáńtì, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá gba Ìbàdàn lọ. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn ará Índíà kan pàdé. Àgọ́ ńlá ni wọ́n ń gbé kiri ìlú, wọ́n ń fi erin àti àwọn èèyàn tó ń fò lókè dá aráyé lára yá. Bákàrè máa ń sọ fún wa pé òun ló ń bójú tó erin. Nímátù ìyàwó rẹ̀ á ní, "Apá ibo lára erin lẹ ń bójú tó, Bàbá Ràzíá?" Ìgbẹ́ erin ló ń kó.

Láti orí ìgbẹ́, ó bọ́ sórí okùn síso. Láti orí okùn, wọ́n gbé e gun jangirọ́fà onírin tó wà lókè àgọ́, kí ó máa gbá àwọn tó ń fò mú. Nímátù, ọmọ Ọ̀yọ́, ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé korobá omi rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ gun nǹkan yẹn. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí ó fi di ìyàwó ẹni tó ń gbá a mú.

Ọdún 1982 ni wọ́n padà sí Kùmáṣì pẹ̀lú Ràzíátù ọmọ wọn, jangirọ́fà méjì, àwọ̀n kan, àti àpótí okùn. Ọkùnrin kan tó ń la gẹdú yá wọn ní búkà gíga kan ní Sàńtásì, tó ti ń sá pákó sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n so jangirọ́fà mọ́ òrùlé, wọ́n sì ní àwọn ń kọ́ èèyàn ní fífò. Ẹ wo ariwo! Àwọn àlùfáà Bákàrè ní kí ni obìnrin ilé ọkọ ń fi ṣòkòtò wá lókè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ayígyà ní obìnrin tó ń fò lọ́sàn-án gangan, kí ni yóò máa ṣe lóru? Ìyá mi nìkan ni kò janpata. "Yéwándé kúkú ń gun àjà ilé mi," ló wí. "Kó lọ máa gun ti ẹlòmíràn."

Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn, ọmọ ọdún méjìlá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò Àúdù pọ̀. Àúdù ló dàgbà jù nínú àwa ọmọ ẹ̀kọ́, ó sì ń ṣe bí ọ̀gá. Nígbà tó ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Ta ló ṣe èyí?" ni Bákàrè bi wá.

Ama, ọmọ Àṣáńtì tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, nàka sí mi. "Hwɛ no! Òun náà nìyẹn, Tíṣà, ẹ wo ojú ẹ̀!"

"Èmi kẹ̀? Tíṣà, ẹsẹ̀ Àúdù ló fẹ́ràn ara wọn."

Bákàrè fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Yéwándé, orúkọ tí wọ́n sọ ẹ́ nílé ò bá ẹ mu. Ìjọ̀gbọ̀n lorúkọ ẹ." Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Bí òun àti Nímátù ṣe ń ṣe é nìyí. Bákàrè á fi orúnkún kọ́ jangirọ́fà kan, á sorí kodò bí àdán. Nímátù á di ìkejì mú, á máa fì lọ, fì bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí ọkọ rẹ̀, kò rí i. Nígbà tí Bákàrè bá rí i pé ó tó àkókò, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá, ẹfun tó fi pa ọwọ́ á sì bú jáde bí èéfín. Bí Nímátù bá ti gbọ́ ìkejì, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, á fẹ̀yìn fò, á yí padà lófuurufú, ọkọ rẹ̀ á sì gbá a mú ní ọrùn ọwọ́. Kò sí "ó yá", kò sí "ṣé o ti múra". Àtẹ́wọ́ méjì péré. Ìdí nìyẹn tí a kì í kọ́ṣẹ́ tí òjò bá ń rọ̀: bí òjò bá ń lu páànù, etí kò lè gbọ́ ọwọ́.

Ẹ mọ̀ pé mo kọ́ àtẹ́wọ́ náà kí n tó kọ́ fífò. Mo lè sín in jẹ títí dé orí ìró ìkẹyìn. Mo máa ń lọ dúró lẹ́yìn Àúdù tó bá gun okùn, màá pa á, Àúdù á jọ̀wọ́ okùn, á já bọ́ sórí àpò tí a fi ẹ̀rún pákó kún. Ama á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bákàrè náà á rẹ́rìn-ín. Ì bá má rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Oṣù ààwẹ̀ ọdún 1987 bọ́ sí ìgbà ooru. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, páànù búkà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dún.

"Bàbá Ràzíá," ni Nímátù wí, "ẹ jẹ́ ká sinmi títí a ó fi ṣínu. Ojú yín ti pọ́n."

"Ṣé ojú ni mo fi ń gbá ẹ mú ni? Ọwọ́ mi ò gbààwẹ̀."

Wọ́n gòkè. Mo jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí Bákàrè tó sorí kodò, ojú rẹ̀ dì pa, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Tíṣà ń sùn! Ẹ̀rín gbá mi mú. Nímátù ń fì lọ, fì bọ̀, mo rò pé ó kàn ń na ara ni. Mo fẹ́ jí ọkùnrin náà. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju pé kí ó ta gìrì, kí n sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹyọ kan ì bá ti tó, ṣùgbọ́n mo ti sín in jẹ débi pé ọwọ́ mi kò mọ bí a ṣe ń pa ẹyọ kan mọ́.

Nímátù jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Kò sí ọwọ́ níbi tó fò sí. Àwọ̀n wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀n náà kò fẹ̀, orí irin tí a fi nà án ni èjìká òsì rẹ̀ bà.

Mi ò mọ bí Bákàrè ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn rẹ̀: "Ọwọ́ mi ni! Ọwọ́ mi ni!" Àúdù náà ń sọ pé, "Tíṣà, ẹ tètè pàtẹ́wọ́ jù." Mo la ẹnu. Mo pa á dé.

Àwọn àgbà bi í bóyá ààwẹ̀ ló mú un sùn. Ó fi ààwẹ̀ náà búra pé òun kò sùn, ojú òun dá ṣáká, ọwọ́ òun ló yá jù. Ó dá a lójú bẹ́ẹ̀: kò mọ̀ pé oorun gbé òun, ìró ọwọ́ tó gbọ́ ló sì rò pé tòun ni. Egungun Nímátù jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò gòkè dé etí mọ́. Kò lè di gèlè fúnra rẹ̀. Bákàrè ló ń bá a dì í láràárọ̀, láti ọjọ́ náà títí dòní. Ó ta jangirọ́fà méjèèjì fún alágbẹ̀dẹ. Ó gé okùn inú àpótí sí wẹ́wẹ́, ó kó o lọ sí Kejétíà. Bó ṣe di olókùn nìyẹn.

Èmi ń kọ́? Gbogbo ọdún ni mò ń lọ kí wọn. Mo jẹ ẹran Iléyá wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Mò ń fi bàtà Bákàrè pamọ́, ó ń pè mí ní Ìjọ̀gbọ̀n, a ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ń jáde, màá ní lọ́dún tó ń bọ̀ ni màá sọ ọ́.

Lọ́dún 1996, Ràzíátù wá bá mi ní Ayígyà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

"Àǹtí Yéwándé, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn purọ́ fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, kò ní purọ́ fún èmi náà."

Mi ò sùn dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé wọn ní Sàńtásì. Mo bá Bákàrè lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó ń di gèlè fún un. Ràzíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà," ni mo wí, "ẹ̀yin kọ́ lẹ pàtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn. Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìjọ̀gbọ̀n, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré."

"Mi ò ṣeré, Tíṣà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí gèlè. Nímátù kò yíjú padà. "Mo sọ fún yín, Bàbá Ràzíá," ló wí. "Mo ní àtẹ́wọ́ tiyín wúwo, èyí tí mo gbọ́ fúyẹ́. Mo ti jọ̀wọ́ ara mi kí n tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

"Mo rò pé ò ń tù mí nínú ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọdé kan ni. Mo ní ẹni tó bá ṣe é á wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì." Ó wá wò mí. "O wá lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Ọsàn lo gbé wá."



"Pa á kí n gbọ́," ni Bákàrè wí.

Mo pa á. Pá, pá. Nímátù di ojú, ó mi orí: òun náà nìyẹn.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá!" Ràzíátù ti fò wọlé. "Ẹ ó kọ́ mi nìyẹn!"

Bákàrè kò wò ó. Èmi ló ń wò. "Kí ló dé tó o fi pàtẹ́wọ́?"

Mo ti purọ́ tó. "Ẹ ń sùn, Tíṣà. Mo fẹ́ jí yín ni."

Mo rò pé ẹrù ni mo wá sọ̀ lórí rẹ̀. Mò ń wò ó bó ṣe ń gbé òmíràn rù.

"Mo sùn," ló wí.

"Díẹ̀ ni, Tíṣà, bí ìṣẹ́jú—"

"Mo fi ààwẹ̀ mi búra lójú ìyá ọmọ yìí pé mi ò sùn."

Nímátù gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó fi bo ọwọ́ rẹ̀ lórí gèlè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bákàrè tó dì í tán, gèlè náà sì wọ́. Ó wá sọ fún Ràzíátù pé kí ó gbàgbé fífò, kí ó lọ palẹ̀ ọjà mọ́. Ràzíátù wò mí, ó sì lọ.

Bákàrè sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò bú mi. Ì bá bú mi. "O ṣeun tó o sọ ọ́, Yéwándé," ló wí.

Mo ṣì ń yà ní ìsọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, mo yọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo fi okùn so bàtà rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní kókó mẹ́ta. Mo sá sẹ́yìn òpó, mò ń dúró. Ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú kókó náà jẹ́jẹ́, ìkan tẹ̀lé ìkejì, ó sì ká okùn náà padà sí ààyè rẹ̀.

"Yéwándé," ló wí, "jáde wá jókòó."