Àjókù Igi Miss Ruth

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Stone Mountain ní Amẹ́ríkà, kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó ilé Miss Ruth, ìyá àgbà òyìnbó tó múlé tì wá. "Miss" ni àwa ọmọdé ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, bó tiẹ̀ lọ́kọ. Ní December, lọ́jọ́ tí òru rẹ̀ gùn jù lọ́dún, òun àti ọkọ rẹ̀ á dáná igi sẹ́yìnkùlé, wọ́n á pe gbogbo àdúgbò. Àwa ọmọdé á máa yan marshmallow, súìtì funfun rírọ̀ yẹn, á lẹ̀ mọ́ wa létè, imú wa á máa ṣàn nínú òtútù. Mummy kì í lè wá nítorí shift rẹ̀ ní hospital.

Miss Ruth ló sọ ìtàn iná náà fún wa. Láyé àtijọ́, ní ìlú òtútù tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé oòrùn fẹ́ lọ pátápátá, ni wọ́n ṣe ń dáná kó lè padà. Wọn kì í jẹ́ kí igi náà jó tán. Àjókù rẹ̀ ni wọ́n á tọ́jú, òun ni wọ́n á fi ran iná ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún kan, ọkọ rẹ̀ kú kété lẹ́yìn tó dáná náà. Bí wọ́n ṣe sìnkú tán, Miss Ruth gbé àjókù igi wá fún Mummy pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀, ilé tó lọ́mọdé ló yẹ kó wà.

Ha! Igi jíjóná, lọ́wọ́ opó, lẹ́yìn ìsìnkú? Mummy fẹ̀rín gbà á. Bí Miss Ruth ṣe yí ẹ̀yìn padà, ó pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mo ní kí n ṣàlàyé, ó ní, "Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́." Ó da òróró àdúrà sí i, ó sun ún nínú grill di eérú. Lọ́jọ́ Sunday, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá a jó.

December pé. Àdúgbò péjọ, Mummy náà gbàyè wá. Miss Ruth yíjú sí i, ó ní, "Igi ọkọ mi dà?"

Mummy wolẹ̀. "Mo ti sun ún, ma. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà síbí, ẹ mọ irú ìtìjú yẹn. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Miss Ruth nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣáná. Nígbà tí iná kú, ó mú àjókù tuntun, ó tún gbé e fún Mummy. Mummy kúnlẹ̀ gbà á.

Lóde òní, Lawrenceville la wà, Miss Ruth ti ṣaláìsí. Nígbà yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń yáná pọ̀. Ní báyìí, inú mọ́tò làwọn aládùúgbò ti ń juwọ́ sí wa. Àmọ́ Mummy ò jẹ́ kí àṣà náà já, ó ń dáná náà lọ́dọọdún. Orí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀ ni àjókù rẹ̀ máa ń wà. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ń bọ̀, ojú á tún tì mí, màá sáré faṣọ bò ó. Mummy á ká aṣọ náà kúrò.

"Jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹni tó bá bèèrè, màá jẹ́rìí."