Bí Taisto Oníbúrẹ́dì Ṣe Wọṣẹ́ Ológun

Àtẹ́lẹsẹ̀ Taisto Kupiainen tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi dá a padà sílé nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọṣẹ́ ológun ní ìlú Lappeenranta. Ó gbà, ó padà sídìí búrẹ́dì yíyan, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kí àwọn onífíìmù tó dé láti Helsinki. Eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n fẹ́ yà, nípa àwọn sójà tuntun tí wọn ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Taisto kúrú, ó sanra, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Àmọ́ Taisto ò lè ṣe játijàti. Ragnar Sundell, olùdarí eré, ní kó ṣubú sínú ẹrẹ̀; ó fò ó kọjá.

"Ọ̀gbẹ́ni Taisto, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣubú."

"Ọ̀gá, sójà kì í dédé ṣubú."

Lọ́jọ́ kẹta, òun àtàwọn òṣèré mọ́kànlá jókòó lẹ́bàá ọ̀nà nínú aṣọ sójà tí wọ́n fi ń ṣeré, wọ́n ń jẹun. Ni ọkọ̀ ológun kan bá dúró. Hyvärinen, sájẹ́ńtì gidi, sọ̀ kalẹ̀. Ó rí bọ́tìnnì tó ṣí sílẹ̀, ó rí ẹni tó wọ bàtà lódìlódì.

"Ẹ wọ ọkọ̀."

"Sà, eré la ń ṣe o," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi gbẹ́ yàrà, tí wọ́n sì ń bó pòtétò. Àwọn òṣèré ń sunkún. Taisto ń kọrin.

Ragnar wá wọn dé ẹnu ọ̀nà bárékè, ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé. Ó padà lọ wọ aṣọ kọ́nẹ́ẹ̀lì inú eré, ó lẹ irunmú mọ́ ètè. Hyvärinen bẹ́rí fún un.

"Dá àwọn èèyàn mi padà."

"Ó ti yá, sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi Kupiainen sílẹ̀. Òun nìkan lojú ẹ̀ là."

Ragnar rántí ẹrẹ̀ yẹn. "Máa mú un lọ," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí akọ̀wé bárékè tó rí i pé kò sí orúkọ Kupiainen nínú ìwé kankan. Taisto ti wà ní kíṣìnnì nígbà yẹn, àwọn sójà sì ti tọ́ búrẹ́dì rẹ̀ wò, wọn ò gbà kó lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò níbẹ̀.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ó lọ wò ó. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní àwọn sójà inú rẹ̀ yẹn ò tó ẹni tí wọ́n ń fún níbọn.