Àlejò Tó Ní Kí N So Ajá

Bí ọ̀gá mi obìnrin bá ti yọ awò ojú wọn lé tábìlì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Boundary, nítòsí Àpápá, lọ́jọ́ kan, ó ń ta sọ́fítíwià àdàkọ tí ẹni tó ṣe é ò mọ̀ sí, lówó pọ́ọ́kú.

"Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ pa antifáírọ́ọ̀sì yín. Òun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín ni ò ní jẹ́ kí sọ́fítíwià yìí wọlé."

Awò ti dé orí tábìlì. "Àlejò tó ní kí n kọ́kọ́ so ajá mi, mi ò gbà á sílé."

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, tí òun náà ń tẹ̀wé, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó pa antifáírọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ra tiẹ̀.

Oṣù kan ò pé tí fáírọ́ọ̀sì fi ti gbogbo fáìlì rẹ̀ pa. Àwọn ajẹ́ntì tó ń gbẹ́rù jáde ní wáfù Àpápá kó ìwé wọn wá bá wa, wọ́n tò dé títì. Aládùúgbò wa náà tò, ó kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ dání. Ọ̀gá mi ní kí n gbé àga fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́jà àdàkọ yẹn tún dé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ yà sí. A gbọ́ ohùn aládùúgbò wa ketekete: "Kí n pa kí ni? Ajá mi ò ṣeé so, jàre."

Ọ̀gá mi ò yọ awò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń tẹ̀wé wọn lọ, ẹ̀rín sì kún ẹnu wọn.