Jíà Fírì ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó yá mọ́tò oníbátìrì mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Moshie Zongo ni mo ti ṣètò rẹ̀ fún wọn. Mo fi í sí ìrìn pẹ̀lẹ́, mo sì jẹ́ kí búréèkì tó ń dá iná padà sínú bátìrì le dáadáa.

Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tẹ́ ẹ fi ń sáré, á rọra fa ara rẹ̀ dúró, bátìrì á sì máa gba iná, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Gbọ́ kí ni? Iná tán pátá kí wọ́n tó délé, ni mo bá lọ bá wọn lọ́nà. Àwọn mẹkáníìkì Suame Magazine ló bá wa tì í, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí i?"

"Ó ń fà mí sẹ́yìn bí ẹran tí wọ́n so mọ́gi! Mo pa ìyẹn, mo fi í sí eré. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo sì fi jíà fírì sọ̀, kó máa dá yí lọ, kí iná rẹ má baà tán."

Ọgbọ́n àwọn tó ń wa mọ́tò elépo! Gbogbo iná tí ì bá wọlé ló bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo pariwo títí, mo gba kọ́kọ́rọ́, n ò sì kí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń wa mọ́tò náà sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Fante New Town. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti fi mọ́tò sí fírì.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà.